Ẹ̀wù Òjò Tó Fẹ̀ Jù

Àná ni sísọ́ọ̀sì ti kọjá lára ẹ̀wù náà. Òní ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù. Aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀wù òjò méjèèjì tí mo fi ránṣẹ́ o. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ra èyí tó fẹ̀ ni. Súwẹ́tà méjì ló máa wà lábẹ́ ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé yín gba orí òkun wá sọ́dọ̀ mi ò ní òrùlé, òjò ibẹ̀ ò sì mojú ẹnikẹ́ni."

Ó ti gé ti ìyá wọn. Ẹ̀wù tó rí bí àpò sìmẹ́ǹtì! Ó ti rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbàgbé bí ìyá tó bí i ṣe tóbi tó ni. Ó gé e, ó rán an mọ́ ìyá lára, ó fún ìbàdí rẹ̀ pọ̀. Tirẹ̀ ló kù tó fẹ́ gé lónìí.

Ìyá ti wọ̀ ọ́, ó ń yí bìrí níwájú dígí. "Wò mí! Ká ní bàbá ẹ ṣì wà ni, á tún mi fẹ́ ni o!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ súwẹ́tà sábẹ́ ẹ̀."

Ìyá wọ ẹyọ kan. Ẹ̀wù kọ̀, kò pa dé. Bọ́tìnnì kan já, ó di abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ṣé mo tún sanra láàárín àná sí òní ni?"

Aránṣọ ò lè rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀wù náà, ó ní òun á tú u, òun á fi aṣọ kún un. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ dán an wò. Ó da omi ife kan sí ibi tó rán lẹ́yìn ẹ̀wù. Yéè! Gbogbo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ni omi náà ń gbà. Kó tó ṣẹ́jú, inú ẹ̀wù ti rin gbingbin. Bó bá tún fi aṣọ kún un, ihò abẹ́rẹ́ á kàn pọ̀ sí i ni. Ohun tí ìyá rẹ̀ ìbá wọ̀ sínú ìjì nìyẹn!

"Kò burú," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Màá ró ìró mẹ́ta lé e. Ó ti pẹ́ jù tí mo rí ọmọ mi."

"Ìró tó bá ti mu omi, òtútù ló ń dì mọ́ èèyàn lára, Màmá."

Àárọ̀ ọ̀la ni àwọn méjèèjì máa gbéra. Láti kékeré ni Aránṣọ ti ń lá àlá òkun, kò sì tíì fojú kàn án rí. Ó mú ẹ̀wù tirẹ̀ tí sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn kúrò lórí ìṣó, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Tèmi lẹ máa wọ̀, Màmá. Èmi ò lọ mọ́."