Ojú Ọ̀gá Lẹ́nu Àpótí Béèsì

Ká ní wọ́n kó gbogbo ìbínú tó wà ní Èkó jọ sójú kan lọ́dún náà, tí wọ́n ń bù ú fún aráàlú bí ìrẹsì ọdún, Suara ì bá ti gba tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ì bá sì tún padà wá tọrọ ènì. Ọdún náà ni ìjọba ológun ní kí oníkálukú fún ìgbànú rẹ̀ le nítorí SAP, ètò tí wọ́n ní àwọn fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe. Àwọn tó ní ìgbànú fún un. Àwọn tí kò ní fi ọwọ́ di ṣòkòtò mú, wọ́n ń rìn lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà rọ́bà ní Oregun, níbi tí Suara ti ń ṣiṣẹ́, dá òṣìṣẹ́ dúró títí àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí àìrí ènìyàn. Wọ́n dá Suara náà dúró. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju gìtá béèsì olókùn mẹ́rin lọ, èyí tó ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú Ọ̀gá Ẹkúndayọ̀ ní Agége.

Ẹni tí kò mọ béèsì ló ń fojú di í. Gìtá kékeré lè máa ké kíké bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, béèsì ni ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé. Bí etí rẹ bá di, ikùn rẹ á gbọ́ ọ. Kí ààwẹ̀ ọdún náà tó wọlé, bí Suara bá fọwọ́ kan okùn tó nípọn jù, adìẹ tó wà ní ilé kẹta á yé ẹyin tí kò ní lọ́kàn láti yé rárá.

Ààwẹ̀ dé, ẹgbẹ́ sinmi, nítorí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó ń gbààwẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Ẹkúndayọ̀ ní tirẹ̀ kì í gbààwẹ̀. Ìjẹ̀bú ni, ọmọ ìjọ, ikùn rẹ̀ a sì máa wọ yàrá lọ́jọ́ Ajé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìsinmi náà sú u. Ló bá ránṣẹ́ pe Nùréènì, ọkùnrin tó ń ya kìnnìún àti idì sára ọkọ̀ àjàgbé, ó ní kó ya àwòrán òun sójú àpótí tó tóbi jù nínú ẹgbẹ́, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ni orin.

Àpótí tó tóbi jù ni àpótí béèsì. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n ta sójú rẹ̀, kí ekuru má baà bá sípíkà, kí ohùn sì lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Aṣọ yìí ni Nùréènì ya àwòrán sí. Nùréènì kì í ṣahun ọ̀dà. Ó kun ún, aṣọ mu ún. Ó tún kun ún, aṣọ tún mu ún. Ó wá bú aṣọ náà bí ẹni ń bú ọ̀mùtí, ó sì kun ún títí ó fi yó. Ọ̀dà ọkọ̀ ni, èyí tí òjò kì í lè bó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹkúndayọ̀ nìkan, èèyàn lè fi í kọ́ ilé.

Ọdún ìtúnu kọjá, ẹgbẹ́ pé jọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe ìdánrawò. Wọ́n yin àwòrán títí ọ̀gá fi ń wú. Nígbà tó yá, wọ́n mú orin. Suara ta okùn. Ohun tó jáde dà bí ikọ́ ewúrẹ́ tí wọ́n dì sínú àpò.

"Suara," Ẹkúndayọ̀ ní, "ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Mo ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Adéìfẹ́, ọmọ ìjọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, rẹ́rìn-ín. "Ààwẹ̀ ni, ọ̀gá. Ẹni tí kò jẹun ọ̀sán fún odindi oṣù, níbo ni ìka rẹ̀ ti fẹ́ rágbára?"

Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó jọ gbààwẹ̀ pẹ̀lú Suara pàápàá mi orí. Wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀wà. Wọ́n ní kó máa fi òróró ra ìka. Ẹnì kan ní kó fi ìka náà sínú omi gbígbóná, àfi bí ẹni pé ìka ti di gààrí.

Ẹkúndayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi. Olúfọlákẹ́ tó ni ọgbà ọtí ní Oregun ń wá ẹgbẹ́ tí yóò máa ṣeré níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sunday. Sunday tó ń bọ̀ yìí ló fẹ́ dán wa wò. Suara, bí béèsì rẹ bá tún ń húkọ́ báyìí, ọwọ́ òsì Adéìfẹ́ ni yóò máa tẹ béèsì lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìwọ á wá iṣẹ́ mìíràn."

Iṣẹ́ mìíràn, ní ọdún tí ọ̀gá àgbà ń tọrọ iṣẹ́ gbígbá ilẹ̀. Inú Suara gbóná débi pé bí wọ́n bá gbé kẹ́tù lé e lórí, omi á hó.

"Ọwọ́ òsì," ó ní. "Ọwọ́ tí wọ́n fi ń fọ ìdí ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Kó sáà dún," ni Ẹkúndayọ̀ wí.

Suara délé, ó tú okùn gìtá rẹ̀. Okùn tuntun ti wọ́n débi pé èèyàn lè fi owó rẹ̀ fẹ́yàwó kó sì tún kó àna jọ, nítorí náà sísè ni gbogbo olórin ń sè ògbólógbòó, kí ìdọ̀tí àti òógùn inú rẹ̀ lè jáde, kó tún máa dún. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ Uswat ìyàwó rẹ̀ kaná, ó kó okùn sí i. Uswat ti ọjà dé.

"Bàbá Sùlíyá, kí lẹ ń sè?"

"Okùn."

Uswat ṣí ìkòkò wò. "Ṣé kí n bá yín gbé iyọ̀ wá?"

"Ìyá Sùlíyá, má dán mi wò lónìí."

"Ta ló ń dán yín wò? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀bà lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́ ni tàbí fùfú."

Okùn jiná, ó ń dán bí eyín ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì, Suara lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì lóun nìkan, ó dè é, ó ta á. Ewúrẹ́ tún húkọ́. Ó bú okùn, ó bú ìka ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dórí àtàǹpàkò, ó bú ìyá rẹ̀, ó wá rántí pé ìyá tòun náà ni. Ó wá rò ó pé bóyá eku ló jẹ sípíkà. Ó tú pákó ẹ̀yìn àpótí láti wò ó. Eku kò sí, sípíkà sì pé. Ó dúró níbẹ̀, ó ta okùn tó nípọn jù.

Afẹ́fẹ́ tó ti inú àpótí jáde lù ú níkùn bí ìkúùkù. Ṣòkòtò rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Béèsì ni o, béèsì gidi, tó yí bótibòti bí ẹni tó jẹ iyán yó. Ó fa wáyà gìtá, ó yí lọ síwájú àpótí, ó tún ta á. Ikọ́ ewúrẹ́. Ó padà sẹ́yìn: ìkúùkù. Síwájú: ewúrẹ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹkúndayọ̀ lára aṣọ. Aṣọ tó yẹ kó máa mì kò mì. Ó kàn án, ó dún kó-kó-kó bí ilẹ̀kùn.

Odindi oṣù kan tó fi gbààwẹ̀ fún Ọlọ́run, òun ni wọ́n ń gbé ẹ̀sùn kọ́ lọ́rùn, ojú ọ̀gá ló sì dé ohùn mọ́lé. Suara ò gun ọkọ̀. Ìbínú ló gbé e dé ilé Ẹkúndayọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kúulé o. Mo ti rí ohun tó pa béèsì."

"Kí ni?"

"Ojú yín ni."

Ẹkúndayọ̀ fọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Kí ló ṣe ojú mi?"

"Èyí tó wà lára àpótí. Ọ̀dà ti dí aṣọ pa, ohùn ò ríbi gbà jáde. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́."

"Kí n máa yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó jalè."

"Ẹ jẹ́ ká yí àpótí padà nígbà náà, kí iwájú rẹ̀ kọjú sógiri."

"Kí n kọ̀yìn sí Fọlákẹ́, lọ́jọ́ tó fẹ́ wò mí." Ẹkúndayọ̀ dìde, ikùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Ìka rẹ kú, o wá ń purọ́ mọ́ àwòrán aláwòrán. Tí ojú mi bá ń dí nǹkan lọ́nà, ṣé SAP ò bá ti dúró? Màá rí ẹ ní Sunday."

Sunday pé. Ọgbà ọtí Olúfọlákẹ́ wà lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ní Oregun, àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n ti lé sì jọ ń mu ún níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá Suara ṣe bàtà rí. Olúfọlákẹ́ jókòó níwájú, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ẹkúndayọ̀ gbé orin. Àpótí àwọn akọrin ni wọ́n fi wáyà kíbọ́ọ̀dù sí, gbogbo ìka Adéìfẹ́ sì ń jáde ketekete. Suara yí ẹ̀rọ rẹ̀ dé òpin. Àpótí rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ohùn kò jáde.

Làsísì, tí òun àti Suara jọ wà nídìí ẹ̀rọ kan náà nígbà kan, pariwo láti orí tábìlì rẹ̀: "Suara, ṣé gìtá yẹn ń yún ẹ ni?"

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Olúfọlákẹ́ nawọ́ sí Suara. "Ọ̀gá Ẹkúndayọ̀, èyí ńkọ́? Ṣé ẹ gbà á kó máa bá yín gbé gìtá dání ni?"

Ẹkúndayọ̀ kò dá a lóhùn lásán. Orin ló fi dá a lóhùn, lórí máìkì: ẹ má ṣe bá Suara wí, ààwẹ̀ ló jẹ ìka rẹ̀. Àwọn elégbè gbà á: ààwẹ̀ ló jẹ ẹ́. Adéìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì tẹ béèsì.

Suara gbé gìtá sílẹ̀. Ó lọ bá àbókí onísúyà lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bọ̀. Aga ṣubú. Ẹkúndayọ̀ sá sẹ́yìn ìlù, orí rẹ̀ ríbi pamọ́ sí, ikùn rẹ̀ ò rí. Suara kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ó dé iwájú àpótí, ó sì gún àwòrán náà láàárín eyín.

Ọ̀dà náà fọ́ bí èèpo ẹyin. Ó ya á láti ẹnu dé etí ọ̀tún, láti ẹnu dé etí òsì, ó gòkè dé iwájú orí. "Ojú mi," ni Ẹkúndayọ̀ ń wí, "Suara, ojú mi nìyẹn." Suara dá ọ̀bẹ padà fún àbókí, ó kí i kú iṣẹ́, ó gbé gìtá kọ́rùn.

Nígbà tó ta á, ìgò ọtí dìde lórí tábìlì, wọ́n ń lọ kí ara wọn. Páànù ilé-iṣẹ́ lókè ọ̀hún dáhùn. Eyín òkè Làsísì pàdé tìsàlẹ̀. Ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá, àwọn fáìlì tó ti sùn láti ọdún gbọ́ọrọ jí, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Suara bá ti ta okùn báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹkúndayọ̀ tó ti fàya á máa fẹ́ lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, bí ẹni pé àwòrán náà ló ń kọrin. Olúfọlákẹ́ tú ọwọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó ń jó.

Orin yẹn parí, Suara fa wáyà gìtá rẹ̀ yọ. Ó jókòó sórí àpótí.

"Kí ló dé?" Adéìfẹ́ bi í.

"Ẹ máa bá a lọ. Ọwọ́ òsì wà."

Adéìfẹ́ gbìyànjú ọwọ́ òsì. Aráyé ti jẹ ẹran tán, ó wá ń gbé omi eegun fún wọn. Wọ́n hó lé e lórí. Olúfọlákẹ́ ní, "Èyí tó dún lójú sẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́. Bí kò bá sí i, ẹ máa kó ẹrù yín."

Ẹkúndayọ̀ tẹ̀ sétí Suara. "Mo máa lé ẹ."

"Ẹ ti lé mi, nínú orin. Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu yín."

"Kí lo fẹ́?"

"Ibi tí ẹ ti wí i ni kí ẹ ti kó o jẹ. Máìkì nìyẹn."

"Suara, èmi àgbà rẹ."

"Ẹ̀yin àgbà mi ni, ọ̀gá. Àgbà náà ló sì fi ààwẹ̀ mi kọrin."

Ẹkúndayọ̀ wo Olúfọlákẹ́, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó gbé máìkì bí ẹni tó gbé ejò. "Ìka Suara ò ní àrùn kankan," ó ní.

"Kí ló wá ṣe béèsì?" ni Suara wí, kò dìde.

Ẹkúndayọ̀ wo ojú ara rẹ̀ tó ń mì lára àpótí. "Èmi ni mo fi ojú mi dí i."

Ẹ̀rín tó sọ, ẹni tó wà ní Agége gbọ́ ọ. Suara ki wáyà bọ ìdí gìtá. Wọ́n tún gbé orin, ó sì ń tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ ejò, ojú rẹ̀ le kankan. Láàárín ìlà orin méjì, Ẹkúndayọ̀ yí sí i.

"Ṣé inú ẹ ti rọ̀ báyìí?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Ìgbà wo ló máa wá rọ̀?"

"Ẹ kọrin."