Jẹjẹrẹ Kì í Ràn

"Ìyá Ṣemílọ́rẹ, má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn!"

Àǹtí Adébímpé, ẹ̀gbọ́n ọkọ Morọ́lá, ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀. Morọ́lá àti olóògbé Kọ́láolúwa, ọkọ rẹ̀, ni wọ́n jọ kọ́ ilé náà sí Mafoluku. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni ẹbí kó wọ ibẹ̀. Látìgbà tí dókítà ti rí jẹjẹrẹ nínú ọmú Morọ́lá, wọn ò jẹ́ kí Ṣemílọ́rẹ, ọmọ rẹ̀, sùn tì í mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bọ̀dá Adéjùmọ̀, olórí ẹbí, pè é sí pálọ̀.

"Ìyàwó, ohun tó pa ọkọ ẹ ló ń bá ẹ jà. Fi oògùn òyìnbó sílẹ̀, kó o lọ máa gbé nílé àdúrà, kó má baà ran àwọn ọmọ."

Morọ́lá kò gbó wọn lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ní Ìsọlọ̀. Irọ́ yìí kò ṣeé gbé mì.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ràn. Sẹ́ẹ̀lì ara tèmi ni. Tí sẹ́ẹ̀lì bá gbó, a kú, òmíràn a rọ́pò rẹ̀. Èyí ló kọ̀ tí kò kú, tó ń bí irú ara rẹ̀ títí tó fi di kókó. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, dé eegun. Ṣùgbọ́n kò lè ti inú ìkòkò bọ́ sí ẹnu yín."

Ó ṣí ìborùn rẹ̀. Orí rẹ̀ ń dán. Àǹtí Adébímpé fọwọ́ bojú.

"Ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n ti gé kókó náà. Oògùn tó ń pa èyí tó bá ṣẹ́ kù ló mú irun lọ, torí gbogbo ohun tó ń yára hù lára ló ń bá jà. Lọ́la, mo tún ń lọ gbà á. Ẹni tẹ́rù bá ń bà ni kó jáde nílé mi."

Ó lọ. Ó bì, ó rù, síbẹ̀ ó ń lọ. Ṣemílọ́rẹ sì padà sórí ibùsùn ìyá rẹ̀.

Irun rẹ̀ ti ń hù padà nígbà tí Àǹtí Adébímpé wọ yàrá rẹ̀ wá, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì fa ọwọ́ Morọ́lá sí abẹ́ abíyá ara rẹ̀. Kókó ibẹ̀ le bí òkúta.

"Ó ti pẹ́," ló wí, omi dà lójú rẹ̀. "Mo rí ohun tí a fi ojú ẹ rí. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Morọ́lá kò bú u. Ó wọ bàtà rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, níbi tí Bọ̀dá Adéjùmọ̀ tẹ̀ lé wọn dé, dókítà wo àwòrán tí wọ́n yà títí. Jẹjẹrẹ náà ti dé eegun ẹ̀yìn. "Oògùn wà tó lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n a ò lè gé e tán mọ́. Mà, kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?"

Àǹtí Adébímpé tẹrí ba. Bọ̀dá Adéjùmọ̀ dìde kíá, ó ní òun fẹ́ dá ìpè kan lóhùn níta. Morọ́lá dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ máa dá dókítà lóhùn."