Ẹja Àna

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí ọmọlúwàbí tí kò rí ẹni bá jà, Ọláníyì ni ì bá wò ní etí ọ̀sà Ìwáyà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ìjọba ní kí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Àtàárọ̀ kùtùkùtù ló ti di ọ̀pá ìwọ̀ mú, oòrùn sì ti ń wọ̀ báyìí, kò rí ìpẹ́ ẹja kan.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ apẹja wù ú. Rédíò ló ń tún ṣe ní Mushin. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Mushin ni wọ́n bí òun sí, omi tó sì mọ̀ láyé rẹ̀ kò ju omi ẹ̀rọ lọ. Ọ̀rọ̀ Fúnlọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló gbé e dé etí ọ̀sà. Bàbá ọmọbìnrin náà, Bàbá Ògúntádé, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kò sì sí ohun tó tún ń ṣe mọ́ ju kí ó máa fi ìwọ̀ pẹja ní Ìwáyà níbi tó ń gbé. Nígbà tí Ọláníyì lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kíákíá lẹ fẹ́ ṣe ohun gbogbo. Lọ fi ìwọ̀ pa èpìyà kan wá fún mi. Ẹyọ kan péré. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ṣú tí n kò rí i, má wá sílé mi mọ́.”

Fúnlọ́lá sin ín dé ẹnu géètì, omijé sì wà lójú rẹ̀. “Níyì, jọ̀ọ́, má lọ ra ẹja lọ́jà o. Ẹni tó wá ṣáájú rẹ ra ọ̀kú Èkó, ara ẹja gan pẹ̀lú yìnyín. Dádì bi í pé omi wo ló ti pa á. Búra fún mi.” Ọláníyì búra.

Ohun tó wá ba gbogbo ọjọ́ náà jẹ́ ni ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà yẹn ni gbogbo àgbà Ìwáyà ń tọ̀. Nígbà tí ẹja kọ́kọ́ tọ́ ekòló wò, tí kọ́ọ̀kì tó ń léfòó lórí okùn bẹ̀rẹ̀ sí jó, bàbá kan tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ kí i lẹ́yìn. “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Ọláníyì gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá bèèrè ìyá rẹ̀, ó bèèrè bàbá rẹ̀, ó bèèrè iṣẹ́, ó sì ṣàdúrà tó gùn. Nígbà tí Ọláníyì yóò fi fa okùn sókè, ìwọ̀ mọ́ féfé, ekòló ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìyá kan dé pẹ̀lú igi ìdáná lórí. “Ọmọ mi, bá mi sọ̀ ọ́.” Ọláníyì sọ ẹrù kalẹ̀ fún un. Ìyá sinmi, ó nu òógùn, ó sọ̀rọ̀ nípa orúnkún rẹ̀. Ọláníyì ń fi ojú kan wo ìyá, ó ń fi èkejì wo kọ́ọ̀kì rẹ̀ tó ń rì, tó ń jáde, tó tún ń rì. Nígbà tó gbé ẹrù ru ìyá tán, ẹja ti jẹun yó.

Sàlíhù, aránbàtà kan tó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ti pa ẹja kún abọ́. Ó mi orí. “Àbúrò, jókòó sójú kan kí o máa dáhùn. Ìdọ̀bálẹ̀ yìí ti pọ̀ jù.”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè ṣe é. Gbogbo wọn ló mọ Bàbá Ògúntádé. Tí ẹnì kan bá lọ sọ fún un pé mo jókòó kí àgbà ńkọ́? Ó ti parí nìyẹn.”

“Ó dáa, mú ọ̀kan nínú tèmi.”

Ọláníyì wo abọ́ náà, ó gbé itọ́ mì. “Mo ti búra fún Fúnlọ́lá.”

Bí ọ̀sán ṣe pọ́n nìyẹn, tí kantíkantí ń jẹ ẹ́ létí. Ṣòkòtò tuntun tó wọ̀ nítorí àna, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ń gbálẹ̀, tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní Kíìpù Lágọ́ọ̀sì Kílíìn, ti gba ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún. Ó ju ìwọ̀, ó fa àkísà àwọ̀n jáde. Ó tún jù ú, díákónì kan tún kọjá, Ọláníyì tún dọ̀bálẹ̀. Inú bí i sí omi, inú bí i sí ekòló, inú bí i sí Bàbá Ògúntádé. Inú tilẹ̀ bí i sí ìyá tó bí i lọ́mọ, nítorí òun ló kọ́ ọ ní ìkíni.

Ojú ọ̀run ti ń pọ́n kí kọ́ọ̀kì tó rì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì jáde mọ́. Ọ̀pá ọparun tẹ̀ kọrọdọ. Sàlíhù fò dìde. “Èpìyà ni! Àgbà ẹja ni! Rọra o, má jẹ́ kí okùn dẹ̀!” Ọláníyì ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rọra fà á. Ẹja yọ ẹ̀yìn lójú omi, ó fẹ̀ bí abọ́ ọbẹ̀. Ayọ̀ gba ọkàn Ọláníyì kan, ó ti ń rí Fúnlọ́lá lójú inú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o.”

Ohùn Bàbá Ògúntádé ni. Kí Ọláníyì tó mọ ohun tó ń ṣe, ara rẹ̀ ti wólẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ẹrọ̀fọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, ọ̀pá sì bọ́ sódò, ó ń sáré lọ lójú omi sí apá Mákòkó.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà,” ló wí láti ilẹ̀.

Bàbá dúró lé e lórí. Ó ń wo ọ̀pá náà bó ṣe ń lọ. “Dìde,” ló wá wí. “Ẹja ni mo rán ọ. N kò rán ọ ní ìkíni.”

Ohun tí Ọláníyì ti ń gbé mì látàárọ̀ bá yọ jáde. “Bàbá, tí mo bá dúró kí yín, ẹ máa ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ ní ẹja dà. Kí wá lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí lẹ fẹ́ gan-an?”

Sàlíhù dorí kodò. Kò sẹ́ni tó ń bá Bàbá Ògúntádé sọ̀rọ̀ báyìí.

“Gbogbo àwọn tó ti wá tọrọ Fúnlọ́lá ló mọ̀ ọ́n kí,” ni bàbá wí, kò pariwo. “Ohun tí mo ń wá ni ẹni tó bá di nǹkan mú tí kò ní jù ú sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá wà lọ́wọ́ rẹ, tí àgbà kan kọjá, tí ojú rẹ̀ le, ṣé bí o ṣe máa ju òun náà sílẹ̀ nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọláníyì wọnú egungun. Bàbá yí padà, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ọláníyì wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú omi. Ọ̀pá náà ti jìnnà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì ń mì. Ẹja ṣì wà lẹ́nu ìwọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọ omi lọ pẹ̀lú ṣòkòtò lára.

“Àbúrò, ibẹ̀ jìn o!” ni Sàlíhù kígbe.

Omi dé ìbàdí rẹ̀, ó dé àyà. Bàbá Ògúntádé gbọ́ igbe, ó sáré padà wá sí etí ọ̀sà, fìlà rẹ̀ já bọ́ lọ́nà. “Ọláníyì! Mo ní kí o padà! Èmi bàbá Fúnlọ́lá ló ń pè ọ́! Jáde níbẹ̀!”

Ọláníyì gbọ́ ọ ketekete. Kò dáhùn, kò sì wẹ̀yìn. Ọ̀pá rẹ̀ ló ń lé lọ.