Wákàtí Méjì sí Brussels

Àrínọlá gbé ẹsẹ̀, ó ta ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ìpá. Ilẹ̀kùn ò mira. Ta ni yóò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Thamesmead, ní London, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú, nínú àpótí orí pẹpẹ. Nígbà tó ń wá físà tí yóò fi lọ sí Brussels, ó gbé e síbẹ̀ fún àdúrà. Físà jáde, ó tún gbé e padà síbẹ̀ fún ọpẹ́. Oṣù mẹ́ta rèé. Ọpẹ́ wo ló ń gba oṣù mẹ́ta? Ó ti fa báàgì dé ibùdókọ̀ ojúurin Woolwich kó tó rántí.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni gbèdéke tí dókítà fún ìyá rẹ̀ ní Brussels. Bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ, ìfun rẹ̀ tó dí yóò bẹ́. Mummy sì ti fàáké kọ́rí: òun ò ní fọwọ́ sí ìwé àfi tí òun bá fojú kan àkọ́bí òun.

Ó pe Uncle Ezekiel, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sister, ìsinmi iṣẹ́jú márùn-ún ni mo wà ní Abbey Wood yìí. Aago méjìlá ni mo máa parí."

"Ọkọ̀ ojúurin aago kan ni tèmi, Uncle! Ẹ ya bọ́ọ̀sì yẹn wá!"

"Pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀?"

"Ẹ kó wọn wá! Ẹ wàásù fún wọn!"

Uncle rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Sister, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kò tíì dá fóònù padà sápò tó tún dún. Káyọ̀ àbúrò rẹ̀ ni, láti Brussels. Ojú Mummy ló kún ojú fóònù, ó ti rù kan egungun.

"Àrínọlá, níbo lo dé?"

Irọ́ ti dé etí ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mi ò tíì kúrò ní London, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó jí, mo ti dé. Ọ̀nà ò jìn rárá. Wákàtí méjì péré ni ọkọ̀ ojúurin ń rìn."

"Láti ọ̀dọ̀ rẹ dé ibí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

"Bí ẹni ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àrínọlá ti fi ẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí Mummy ti wà lọ́dọ̀ Káyọ̀, "ọ̀nà jìn, Mummy" ni orin tó ń kọ tí wọ́n bá ní kó wá. Mummy gbà á gbọ́. Ó tilẹ̀ ń bá Káyọ̀ jà lé e lórí: fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre, ṣé ibí ni London wà ni?

Mummy ò bínú. Ìbínú ìbá sàn. Ó kàn yí orí lórí ìrọ̀rí.

"Káyọ̀, mú bírò wá."

"Mummy, ṣebí ẹ ní ẹ máa dúró dè é?"

"Mo ti dúró."

Àrínọlá gbọ́ bí bírò ṣe ń ha lórí ìwé, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó sórí báàgì rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn mọ́.