Aṣọ Tí Aránṣọ Kò Gé

Kòkòrò inú ikùn fìyà jẹ aránṣọ kan títí ó fi rù kan egungun. Ó rán ẹ̀gbẹ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ wọlé kí wọ́n lè bá a mu, ó sì fẹ́ gé etí aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú dànù, àmọ́ ọkọ rẹ̀ gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni kí n tọ́jú ẹ̀ dè?" ni ìyàwó béèrè.

"Ìwọ náà ni."

Aránṣọ náà lo oògùn kòkòrò tán. Nígbà tó yá, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ̀, kò kọjá ìdí. Àbí kòkòrò yẹn ló ń jẹ́ kí ikùn òun wú? Ó sáré tọ dókítà lọ.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, kòkòrò ti kú. Ọ̀rá lẹ rí yìí. Oúnjẹ yín ti ń dé ara."

Ó délé, ó tú aṣọ tí kò gé nínú ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì síta, ó tún un rán, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

"Baálé mi, ẹ wá wò ó! Ẹni tẹ́ ẹ ní kí n tọ́jú aṣọ dè ti dé!"