Omi Ìrẹsì fún Ewéko Afẹ́fẹ́

Òórùn náà ló kọ́kọ́ pàdé Yeonsuk lẹ́nu ọ̀nà, kó tó bọ́ bàtà. Kì í ṣe òórùn kimchi, ewébẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n ń jẹ kí ó kan. Ìyẹn ò lè da ọmọ ìlú Suwon ní Korea kankan láàmú. Èyí ń rùn bí ohun tó ti kú. Ó tẹ̀ lé e dé balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, ó sì tan iná.

Ewéko afẹ́fẹ́ ìyá rẹ̀ ló wà nínú abọ́, nínú omi funfun kan tí ìfófó ti bò lórí. Ewéko yìí kì í hù nínú ilẹ̀, kì í sì í gbé inú omi; afẹ́fẹ́ ló fi ń gbé. Láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú tó fi í sílẹ̀ fún un, ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ ni Yeonsuk so ó kọ́. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń tì í bọ omi, á gbọ̀n ọ́n, á wá dorí rẹ̀ kodò síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí títí àárín rẹ̀ á fi gbẹ. Ìyá rẹ̀ retí òdòdó rẹ̀ títí, kò rí i kó tó kú. Àmọ́ kí Yeonsuk tó rìnrìn àjò iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ewé òkè ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, àmì pé òdòdó ti dé tán. Ayọ̀ ló fi sunkún lọ́jọ́ náà.

"Màmá! Ta ló gbé nǹkan yìí síbí?"

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá bá wọn tọ́jú Garam ọmọ wọn, yọjú láti ilé ìdáná. "Èmi ni o, Ìyá Garam. Ibà ló ń ṣe é! Àbí o ò rí bó ṣe pọ́n? Oòrùn ti fẹ́ sun ún pa. Mo gbé e síbi tó tutù, mo da omi tí mo fi fọ ìrẹsì lé e lórí. Omi ìrẹsì la fi ń tọ́ òdòdó lábúlé wa."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tó o lọ náà ni. Afẹ́fẹ́ lásán lò ń fi bọ́ ọ, bó o ṣe ń bọ́ ọmọ mi. Ṣé o ti wo bí ọrùn ọkọ ẹ ṣe rù báyìí?"

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Yeonsuk ki ọwọ́ bọ abọ́, àwọn ewé náà sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń fà bí ikun imú. Ó kórìíra omi náà, ó kórìíra abọ́ náà, ó sì kórìíra obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó tẹ àárín ewéko náà, ó là. Òdòdó kékeré kan ti yọrí nínú ìdọ̀tí náà, aláwọ̀ àlùkò, ìdajì rẹ̀ ti jẹrà.

"Ẹ ẹ̀ wá rí nǹkan! Ó ti yọ òdòdó!" Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Mi ò sọ fún ẹ? Èyí kàn bàjẹ́ díẹ̀ ni. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀…"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń yọ òdòdó láyé ẹ̀, Màmá."

Yeonsuk fa ọwọ́ ìyá náà, ó gbé gbogbo ewéko tó ti jẹrà náà lé e ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn ẹ̀ dáadáa. Ohun tó kù fún mi lára ìyá mi nìyẹn."

Ó jáde, ó sì pa iná balùwẹ̀ náà mọ́ ọn.