Ọ́fíìsì Aláàbọ̀ Ara Wà Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Ìkirè, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláàbọ̀ ara wà. Ẹ ò ṣì í kà. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógójì ni, kò sì sí ibi ìdìmú.

Qaosarat, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, mọ iye rẹ̀ nítorí ó ti jókòó sísàlẹ̀ kà á títí ó fi sú u. Àpòmù ló ti ń wá. Wọ́n á ká kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tó ń fọwọ́ yí, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn Márúwá bí ẹni so àgbò Iléyá.

Ìdánwò rẹ̀ di ọjọ́ Ajé, òkè náà ni wọ́n tún fi sí. Fọ́ọ̀mù kan wà tó lè gbé e wá sí gbọ̀ngán ìsàlẹ̀, àmọ́ Alhaji Gàrúbà, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé yìí, wọn kì í sì í ṣí ọ́fíìsì mọ́ lẹ́yìn ìrun.

Othniel, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti gbé fọ́ọ̀mù náà gòkè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Alhaji dá a padà, pé ẹni tó ni àìlera gbọ́dọ̀ yọjú fúnra rẹ̀, nítorí ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí òpó iná ti tan àwọn jẹ rí. Othniel ní kó jẹ́ kóun pọ̀n ọ́n.

"O ò ní pọ̀n mí," ni Qaosarat wí. "Ṣé o ti gbàgbé sáà tó kọjá ni?"

Ní sáà tó kọjá, ọmọkùnrin mẹ́rin gbé e gòkè tayọ̀tayọ̀ bí ẹni gbé ìyàwó. Ìdánwò parí, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbàgbé ìyàwó sókè. Ẹ̀ṣọ́ tó wá ti ìlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ ló bá a, ó rò pé iwin ni, ó sì kọ́kọ́ sá lọ ná. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbé òun gòkè mọ́.

Ó ní kí Othniel fọkàn balẹ̀, Mùsùlùmí ni Alhaji, Jímọ̀ á fà wọ́n wálẹ̀. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn èrò mọ́ṣáláṣí ń gbà kọjá, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó ń dúró.

Ibẹ̀ ló ti ṣì í ṣe. Ta ló ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀? Ìyá kan ń kọjá, wọ́n fi mọ́sà márùn-ún lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn tọrọ ọkọ fún ọmọ àwọn. Qaosarat ní akẹ́kọ̀ọ́ lòun. Ìyá ní àmín, Ọlọ́run á sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú, itan rẹ̀ ti di ìsọ̀: mọ́sà, dòdò, ṣúgà. Othniel tó yẹ kó bá a bínú ti ń jẹ dòdò.

Nígbà tó yá, Othniel fi ẹnu tó kún tọ́ka sókè: Alhaji ló ń bọ̀ yẹn. Kí Qaosarat tó sọ̀rọ̀, Alhaji ti fi sàráà ìdì dàbínù kan sí i lọ́wọ́, wọn ò wojú rẹ̀.

"Bá mi ṣe àdúà, ọmọ mi."

Qaosarat na fọ́ọ̀mù sí wọn, ó ní òun gan-an lẹni tí wọ́n ní kó yọjú. Ojú ti Alhaji díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin lòfin. Wọ́n ní òǹtẹ̀ wà lókè, òkè ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé. Kó gòkè wá, àbí kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ó dáa, sà. Àdúà tí ẹ ní kí n ṣe ńkọ́?"

Àwọn tó ń lọ kírun dúró, wọ́n tẹ́wọ́. Wọ́n ń ṣàdúà, ta ló fẹ́ kọjá?

"Ọlọ́run, fún Alhaji Gàrúbà ní ẹ̀mí gígùn."

Wọ́n ní àmín.

"Jẹ́ kí wọ́n rí owó ìfẹ̀yìntì wọn gbà lásìkò."

Àmín ti Alhaji ló ròkè jù.

"Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn dà bíi tèmi láéláé. Torí tó bá rí bẹ́ẹ̀, òkè ni fọ́ọ̀mù wọn máa wà, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn."

Gbogbo èrò ṣe àmín. Alhaji náà ti ṣe é tán kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wo àtẹ̀gùn. Wọ́n ká agbádá lé èjìká, wọ́n gòkè padà, wọ́n gbé òǹtẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lórí apá kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, gbọ̀ngán ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún un. Àmọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo ló wà láti ṣọ́ ìdánwò, kò sì lè wà lókè kó tún wà nísàlẹ̀. Olùkọ́ bẹ Qaosarat pé kó jẹ́ kí tirẹ̀ di ọ̀la. Ó ní rárá, òní ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù òun. Ni olùkọ́ bá pàṣẹ kí gbogbo kíláàsì, ọgọ́ta ènìyàn, ru àga wọn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n kùn, wọ́n làágùn, wọ́n sì wá bá a nísàlẹ̀.

Wọ́n pín ìwé. Ìbéèrè kìn-ín-ní le, kò sì sí fọ́ọ̀mù fún ìyẹn. Qaosarat kọ orúkọ rẹ̀, ó fo kìn-ín-ní, ó kọjú sí ìkejì.